Owó Orí

Ojú-ìwé kẹtàlélógún ni mo tẹ̀ dé lánàá,
ní yàrá àwọn atẹ̀wé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, l'Álágbàká,
fáànù ń kùn bí arúgbó tó ń gbàdúrà,
ìwé àbádòfin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi:
"Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbin igbó ní ìpínlẹ̀ yìí
yóò gba ìwé-àṣẹ, yóò sì san owó orí."

Mo dúró. Mo tún un kà.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ òfin fún wọn,
òfin ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ káàkiri,
òfin ìdọ̀tí, òfin pátákó ìpolówó.
N kò dúró lórí ọ̀kankan rí.

Igbó ni wọ́n kọ. Wọn ò wá orúkọ àpọ́nlé fún un.
Igbó náà ni bàbá wa ń pe ibi tó ti ṣán oko kòkó,
lẹ́yìn odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀,
níbi tí ọ̀nà ti ń di ipa ẹsẹ̀, tí ipa ẹsẹ̀ ń di koríko.
Nígbà tí kòkó ṣàìsàn,
tí èso rẹ̀ ń dúdú lórí igi kó tó pọ́n,
ẹ̀gbọ́n mi Akíndúró gbin igbó sínú igbó,
ìlà mẹ́rin péré, láàárín ẹ̀gẹ́.
Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ ni yóò bọ́ wa. Èyí ni yóò san owó ilé-ìwé."
Owó ilé-ìwé ta ni?
Tèmi ni. Ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé, l'Óǹdó, ọdún méjì.
Gbogbo lẹ́tà tí ìka mi mọ̀ láìwojú,
ewé yẹn ló kọ́ mi.

Mo ti ń gbowó oṣù nígbà tí wọ́n dé,
ìdájí ọjọ́ Ẹtì, mọ́tò mẹ́ta.
Wọ́n ṣá a, wọ́n kó o jọ, wọ́n dáná sí i.
Ẹ̀gẹ́ bá a jóná, ẹ̀gẹ́ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Èéfín wọ abúlé,
àwọn ewúrẹ́ ń rìn bí ẹni tó gbàgbé ilé,
a rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì wá, kí a tó sunkún.

Adájọ́ sọ ọdún mẹ́jọ.
Mẹ́fà ló lò l'Ólókùtà. Ikọ́ ló dá a sílẹ̀.
Bí mo bá gbé búrẹ́dì lọ, ìka mi ló máa ń wò:
"Ṣé wọ́n ṣì ń sáré?"
Mo ní wọ́n ń sáré.
N kò sọ fún un pé èmi ni mo tẹ lẹ́tà ìdúpẹ́
tí Ilé fi kí àwọn tó jó oko.

Lónìí, ọnọ́rébù kan na ọwọ́ agbádá sókè:
"Kòkó tuntun ni!" Wọ́n lu tábìlì.
Obìnrin kan láti Ìdànrè dìde,
ó ní ọmọ òun ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ọdún kẹta rèé,
ta ni yóò san owó orí ìyẹn fún òun?
Ilé dákẹ́.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. N kò bá a jà.

Ojú-ìwé kẹrìnlélógún:
owó ìwé-àṣẹ, mílíọ̀nù méjì náírà.
"Ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí igbó,
àti àrólé rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè."

Owó orí.
Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà.
Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, wọ́n rántí owó.

Lẹ́tà méjì péré ni "kò".
Mo pa á rẹ́. Mo dá a padà.
Oṣù mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì.
Mo tún pa á rẹ́.
Akọ̀wé Ilé kan ilẹ̀kùn:
"Ìyá Mofẹ́olúwa, ṣé ó ti jáde?"
Mo ní ó ń jáde lọ́wọ́.